Prójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá lórí ọjà ọrọọrún: ìtọ́sọ́nà fún akẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì tó wà ní ọdún ìkẹyìn ló máa ń fi ọjà ṣe prójẹ́ẹ̀tì. Ọjà kò jìnnà, owó ọkọ̀ kò pọ̀, wọ́n sì gbọ́ èdè àwọn tó ń tà á. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni olùkọ́ alábòójútó ń dá padà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe gírámà ló fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sí ọjà lọ́jọ́ tí wọn kò ná an, ó bi ènìyàn ní ohun tí wọn kò lè dáhùn, ó sì gba iye ènìyàn tí yóò bi láti inú fọ́múlà tí kò bá ọjà náà tan rárá. Ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún tàbí ní ìsán ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ìlú àyíká rẹ̀. Ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ náà lè tẹ̀ lé e.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Lẹ́tà ìfinihàn láti ẹ̀ka yín, tó ní òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù, ẹ̀dà 5. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dání, torí ẹni tí ẹ bá fún ní ẹ̀dà kan kì í sábà dá a padà.
- Fóònù tó ní GPS, pẹ̀lú KoboCollect lórí rẹ̀, ìyẹn áàpù tí a fi ń gba ìdáhùn sórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì; ìgbà tí ẹ bá délé lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àkójọ náà ránṣẹ́.
- Láàpútọ́ọ̀pù tí ẹ ti gbé QGIS sí, ètò tí a fi ń ya máàpù. Ọ̀fẹ́ lòun náà.
- Òṣùwọ̀n kékeré tó ní ìkọ́, èyí tó lè wọn kìlógíráàmù 10.
- Kàlẹ́ńdà oníbébà, ìwé kékeré kan, bírò méjì.
- Ọ̀sẹ̀ 12, ó kéré tán, kí ọjọ́ ìfisílẹ̀ tó pé.

Ẹ má tíì tẹ ìwé ìbéèrè kankan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni owó ti ń ṣòfò.

Ìpele 1: Ẹ sọ àkòrí di ìbéèrè tó ní ibi nínú

"Ipa tí ọjà ń kó nínú ìdàgbàsókè Ògbómọ̀ṣọ́" kì í ṣe ìbéèrè. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìlú náà, Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Kínńírá, àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ tí tirẹ̀ wà ní Àrówómọlẹ̀. Orí Ire, Ògo Olúwa àti Sùúrùlérè sì tún yí i ká. Èwo nínú wọn lẹ ń sọ? "Ìdàgbàsókè" ńkọ́, kí lẹ ó fi wọ̀n ọ́n?

Ẹ mú ọjà kan, ẹ mú irú ẹrù kan tàbí méjì, kí ẹ wá béèrè bí èyí: "Ibo ni àwọn tó ń kó gàrí àti èlùbọ́ wá sí ọjà yìí ti ń wá? Báwo ni ọ̀nà wọn ṣe jìn tó? Ṣé ọ̀nà tí wọ́n ń rìn lọ́jọ́ ọjà gùn ju ti ọjọ́ lásán lọ?" Ìyẹn ṣeé dáhùn láàárín oṣù mẹ́ta.

Ní ti tíọ́rì, èyí tó wúlò níbí kò pọ̀. Christaller, onímọ̀ jọ́gíráfì ará Jámánì, ni gbogbo ènìyàn ń kọ, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé gúúsù Jámánì ló fi ṣe àpẹẹrẹ ní ọdún 1933, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ti ń ṣí lójoojúmọ́. Ohun méjì péré ni kí ẹ mú nínú rẹ̀: bí oníbàárà ṣe lè rìn jìnnà tó kí ó tó rẹ̀ ẹ́, àti iye oníbàárà tó gbọ́dọ̀ wà kí ọjà tó lè mú èrè wá. Bí àwọn tó wà nítòsí kò bá pọ̀ tó láti gbé ọjà ró lójoojúmọ́, a máa ń kó ìnáwó ọjọ́ mélòó kan jọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìdí ọjà ọrọọrún nìyẹn. B. W. Hodder kọ̀wé lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1961, ẹ wá iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó lọ máa ya àwòrán onígun mẹ́fà ti Christaller tí ẹ kò ní padà sí mọ́ títí prójẹ́ẹ̀tì yóò fi parí.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ mú bébà funfun, kí ẹ fi ọwọ́ ya máàpù tí ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ náà bí. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ó fi sórí rẹ̀, ìbéèrè yín kò tíì di ti jọ́gíráfì.

Ìpele 2: Ẹ ka ọjọ́ ọjà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn

Ibí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Bí àwọn àgbà bá ní ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà kan, wọ́n ti ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Bí ọjà bá bọ́ sí Mọ́ńdè, Mọ́ńdè ni ọjọ́ kìíní, Túsìdé ìkejì, Wẹ́sìdé ìkẹta, Tọ́sìdé ìkẹrin, Fúráìdé ìkarùn-ún. Fúráìdé ni ọjà tó tẹ̀ lé e. Lójú kàlẹ́ńdà, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Bákan náà, ìsán, tí àwọn àgbà ń ka sí ọjọ́ mẹ́sàn-án, jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ lójú kàlẹ́ńdà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ sínú prójẹ́ẹ̀tì pé "ọjọ́ márùn-ún márùn-ún", tó wá ń fi 5 kún déètì, yóò ti ṣìnà láti ọjà kejì, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń yí: Mọ́ńdè, Fúráìdé, Túsìdé, Sátidé, Wẹ́sìdé, Sọ́ńdè, Tọ́sìdé, lẹ́yìn náà Mọ́ńdè padà. Ọjọ́ 28 ni kí ọjà ọrọọrún tó tún bọ́ sí ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀. Ti ìsán ń gba ọjọ́ 56.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní àyè àfi Sátidé, tó wá lọ sí ọjà ọrọọrún ní Sátidé 8 tẹ̀ léra, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni yóò bá ọjà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà yòókù, àwọn aládùúgbò tó ń ta ata àti epo díẹ̀díẹ̀ ló ń bi ní ìbéèrè, tí yóò sì wá kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń ti ibi tí kò tó kìlómítà kan wá. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún un. Ọjọ́ ni kò tọ́.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbé e gbà: ẹ bi ènìyàn mẹ́ta tí kò jókòó pọ̀, "Ìgbà wo lẹ ná ọjà gbẹ̀yìn? Ìgbà wo lẹ ó tún ná an?" Ẹ má béèrè pé "ọjọ́ mélòó mélòó ni?" Déètì méjì ni kí ẹ gbà, kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ọjọ́ ọjà lórí kàlẹ́ńdà fún ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ óò rí ọjọ́ ọjà 21. Ẹ tún béèrè ọjọ́ ọjà àwọn ìlú tó yí i ká, bí i ti apá Ìkòyí-Ilé, Ajáàwà tàbí Ìrẹsà-Adú. Àwọn ọjà tó sún mọ́ ara wọn sábà máa ń pín ọjọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́ kí alágbàtà lè ná wọn tẹ̀ léra. Bí ẹ bá kọ ọjọ́ wọn sórí kàlẹ́ńdà kan náà, ẹ ti ní àtẹ tó dára jùlọ nínú orí kẹrin prójẹ́ẹ̀tì yín, ìyẹn orí àbájáde, láìtíì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan.

Ẹ ṣọ́ àsìkò náà. Ní àgbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà kajú máa ń kó oríṣi oníṣòwò mìíràn wọlé láàárín oṣù kejì sí ìkarùn-ún. Ẹni tó gba àkójọ rẹ̀ ní àsìkò náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kó má baà di pé ó ń pe èrò kajú ní èrò ọjà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ lọ sí ọjà náà ní ọjọ́ ọjà méjì tí ẹ ti sàmì sí, láìbéèrè nǹkan kan. Bí èrò bá wà níbẹ̀ nígbà méjèèjì, tí ọ̀kan kò sì bọ́ sí ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú èkejì, ìṣirò yín pé.

Ìpele 3: Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín

Lẹ́tà nìkan kò tó. Ẹ lọ bá Ìyálọ́jà tàbí Bàbálọ́jà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọn kò ná ọjà. Obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, ẹ ó kí wọn kí ẹ tó yọ lẹ́tà jáde. Gbólóhùn tó yẹ kí wọ́n gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni pé, "Ẹ̀yin ìyá wa, iṣẹ́ ilé-ìwé ni o, kì í ṣe ti agbowó-orí." Bí ẹ kò bá tètè sọ ọ́, ohun tí wọ́n ń rò nìyẹn, gbogbo nọ́ńbà tí ẹ ó gbà lẹ́yìn náà yóò sì kéré sí òótọ́.

Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹlẹ́lùbọ́ ní ìyá ẹgbẹ́ tiwọn, oníṣu ní tiwọn, aláta ní tiwọn. Kí Ìyálọ́jà rán ẹnì kan tẹ̀ lé yín dé ọ̀dọ̀ wọn.

*Àyẹ̀wò:* Ìyá ẹgbẹ́ ẹrù tí ẹ ń wádìí mọ orúkọ yín, ó sì ti sọ fún yín àkókò tí kò fẹ́ kí ẹ dá àwọn ènìyàn òun lọ́wọ́ dúró.

Ìpele 4: Ẹ ka ọlọ́jà, lẹ́yìn náà kí ẹ mú iye tí ẹ ó bi

Ẹ wo prójẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá lórí pẹpẹ ilé-ìkàwé, ẹ óò rí 399 tàbí 400 nínú púpọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn tí wọ́n bi. Ibi tó ti ń wá nìyí. Fọ́múlà Yamane ni wọ́n lò, èyí tí ó ní kí a pín N sí 1 + Ne²; N ni iye gbogbo ènìyàn tí iṣẹ́ dá lé, e sì ni ìwọ̀n àṣìṣe tí a fàyè gbà. Wọ́n wá mú iye ènìyàn ìjọba ìbílẹ̀ láti inú ìkànìyàn 2006, 198,720 fún Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fi 0.05 ṣe e, ó sì jáde ní 399. Ìṣirò náà tọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọwọ́, olùkọ́ àti mẹkáníìkì wà nínú 198,720 yẹn. Kì í ṣe wọn lẹ fẹ́ bi. Àwọn ọlọ́jà lẹ fẹ́ bi, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì gbọ́dọ̀ kà wọ́n.

Ẹ pín ọjà sí apá mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹ fi ọ̀nà tàbí gọ́tà ṣe ààlà. Ní ọjọ́ ọjà, láàárín aago 10 sí 12, ẹ rìn la apá kọ̀ọ̀kan já, kí ẹ máa fa ìlà sínú ìwé: ọ̀kan fún ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún ẹni tó wà lábẹ́ àtíbàbà, ọ̀kan fún ẹni tó tẹ́ ọjà sílẹ̀. Àwọn tó ń kiri kò ṣeé kà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ kedere pé wọn kò sí nínú iṣẹ́ yín. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn gba àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kó sì pè é ní N, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ń ti abà wá, tí wọ́n ń tẹ́ ọjà sílẹ̀, ni iṣẹ́ náà dá lé lórí. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ tún lè tan ni jẹ. Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ jóná ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n sì tún un kọ́. Ẹni tó bá lo àtòjọ ìsọ̀ tó ti wà ṣáájú iná náà ń ya máàpù ọjà tí kò sí mọ́.

Ká ní ẹ ka ọlọ́jà 1,200. Pẹ̀lú 0.05, 1,200 pín sí 4 jẹ́ 300. Pẹ̀lú 0.1, 1,200 pín sí 13 jẹ́ 92. Kí ẹ tó yan ọ̀kan, ẹ ṣírò agbára yín. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ń gba bí ìṣẹ́jú 15, ọlọ́jà á sì máa dá oníbàárà lóhùn láàárín rẹ̀. Ẹnì kan kì í ṣe ju 12 sí 15 lọ lọ́jọ́ ọjà kan. Tí ẹ bá jẹ́ ènìyàn mẹ́rin, 300 yóò gba ọjọ́ ọjà mẹ́fà, ìyẹn ọjọ́ 21 láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, ẹ mú 92, kí ẹ sọ pé 0.1 lẹ lò. Ìwé 92 tí wọ́n fi òótọ́ ṣe sàn fíìfíì ju 300 tí wọ́n jókòó kọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ, àwọn olùdánwò sì máa ń dá ti họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ̀.

Láti mú ènìyàn: 1,200 pín sí 300 jẹ́ 4. Ẹ kọ 1 sí 4 sórí bébà, ẹ fa ọ̀kan yọ láìwò ó. Bí ó bá jẹ́ 3, ẹni kẹta lẹ ó kọ́kọ́ bi, lẹ́yìn náà ìkeje, ìkọkànlá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣọ́ra bí àtíbàbà bá tò ní mẹ́rin mẹ́rin, torí ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀ nìkan lẹ óò máa bọ́ sí. Ní irú ibẹ̀, ẹ tún nọ́ńbà fà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka apá kan lẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ ọjà mìíràn. Bí iye méjèèjì bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ yàtọ̀ síra, ààlà yín kò dúró, tàbí kẹ̀ wákàtí yín yàtọ̀.

Ìpele 5: Ẹ kọ ìbéèrè ní Yorùbá láti ilẹ̀

Ẹ má kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ wá máa túmọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ní ọjà. Ènìyàn mẹ́rin yóò túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ kọ ti Yorùbá, kí ẹlòmíràn sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ sì wò ó bóyá ohun kan náà ni.

"Níbo lẹ ń gbé?" ni ìbéèrè tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ní agbègbè yìí. Ìyá tó ti lo ogún ọdún ní abà yóò dárúkọ agboolé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí ilé ni ilé ń jẹ́. Kò purọ́; ẹ̀yin lẹ béèrè ohun mìíràn. Ẹ bi í pé, "Níbo lẹ sùn mọ́jú òní?" Lẹ́yìn náà, "Níbo lẹ ti ra ẹrù yìí, àbí oko yín ni?" Lẹ́yìn náà, "Kí ọjà yìí tó tún pé, ọjà wo ni ẹ ó tún ná?" Ìdáhùn mẹ́ta yìí nìkan tó láti ya máàpù mẹ́ta.

Ẹ yọ "Èló lẹ ń pa lóṣù?" kúrò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn rẹ̀, ọlọ́jà kì í sì í fi oṣù ka èrè. Ẹ béèrè iye àpò tó kó wá láàárọ̀, kí ẹ padà wá wo iye tó kù nírọ̀lẹ́. Iye ọmọ pẹ̀lú, ẹ yọ ọ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kò sì wúlò fún ìbéèrè yín.

Àwọn ìdáhùn bí "mo gbà gidigidi, mo gbà, n kò gbà" kì í ṣiṣẹ́ lẹ́nu ìsọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni gbogbo ènìyàn yóò máa sọ kí ẹ lè lọ. Ní ti àkókò, gba "lẹ́yìn ìrun àsùbáà" bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, kí ẹ yí i sí aago nílé.

Ìbéèrè 15 ti tó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi dán ènìyàn 10 wò ní ọjà mìíràn. Ìbéèrè tí mẹ́ta nínú wọn bá ní kí ẹ tún sọ, ẹ tún un kọ.

Ìpele 6: Ọjọ́ ọjà gan-an

Ẹ má bi ẹnikẹ́ni tí kò tíì ta nǹkan kan láàárọ̀ náà. Ẹ kí i, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá," ẹ kọjá, kí ẹ padà wá. Ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta ó kéré tán ni kí ẹ ṣe é, pẹ̀lú ọjọ́ lásán méjì, kí ẹ lè ní ohun tí ẹ ó fi wé ara wọn.

Bí iye owó bá wà nínú iṣẹ́ yín, kóńgò kì í ṣe òṣùwọ̀n kan náà níbi gbogbo. Òmíràn ti tẹ̀ nísàlẹ̀, òmíràn ni wọ́n ń kún gogoro. Ẹ ra kóńgò kan lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta, ẹ fi ìkọ́ wọn ọ́n, kí ẹ yí gbogbo iye owó sí ti kìlógíráàmù kan. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tí ẹ pè ní ti ọ̀nà jíjìn lè jẹ́ ti agolo.

GPS: ẹ bọ́ síta kúrò lábẹ́ páànù, kí ẹ dúró títí ìṣìnà tí fóònù ń kọ yóò fi wálẹ̀ sí mítà 5.

*Àyẹ̀wò:* Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ wo àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìwé kọ̀ọ̀kan nínú Kobo. Ìwé tó parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, tàbí ìwé mẹ́wàá tó wà lójú ibi kan ṣoṣo, olùrànlọ́wọ́ yín ló jókòó kọ ọ́. Ẹ yọ wọ́n, kí ẹ sì tún wọn ṣe ní ọjà tó ń bọ̀.

Ìpele 7: Máàpù

Ẹ kọ ibi tí ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan ti wá sínú Excel, ìgùn (longitude) nínú òpó kan, ìbú (latitude) nínú òmíràn. Láti ìgbà yìí, oríṣi àṣìṣe mẹ́ta ló ń ṣẹlẹ̀.

Àkọ́kọ́, ìyípadà ìṣẹ́jú. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní nǹkan bí 8°08′ àríwá àti 4°15′ ìlà-oòrùn. Èyí jẹ́ 8.13 àti 4.25. Ẹni tó bá kọ 8.08 ti gbé ìlú náà lọ sí gúúsù ní bí kìlómítà 6. Ìṣẹ́jú ni kí ẹ pín sí 60.

Ìkejì, QGIS ń fẹ́ 4.25 ní X àti 8.13 ní Y. Bí ẹ bá yí wọn, ọjà yín yóò bọ́ sínú òkun ní gúúsù Calabar.

Ìkẹta ló le jù, torí kò hàn sí ojú. Ìlànà tí a fi ń wọn ipò ibi lórí ilẹ̀ kò pé ẹyọ kan: fóònù ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní WGS 84; ọ̀pọ̀ máàpù ìjọba onísíkéèlì 1:50,000 ń lo Minna. Bí ẹ bá to méjèèjì lé ara wọn láìyí wọn padà, wọ́n lè fi nǹkan bí mítà 100 yẹ̀ síra, èyí tó tó láti gbé ìsọ̀ kan kọjá títì. Nọ́ńbà EPSG ni QGIS fi ń dá ìlànà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ẹ fi EPSG:32631, ìyẹn WGS 84 ní UTM (ètò tó fi mítà wọn ibi) agbègbè 31, sí iṣẹ́ yín, kí ẹ sọ fún QGIS pé EPSG:26331 ni máàpù Minna tó wà ní UTM agbègbè 31.

Ẹ wọn ọ̀nà mọ́tò, kì í ṣe ìlà tààrà; odò àti igbó kò jẹ́ kí ènìyàn gba tààrà. Ẹ lo ìlà síkéèlì tí a yà, ẹ má fi 1:50,000 sílẹ̀ ní kíkọ lórí máàpù tí ẹ ti sọ di kékeré.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wọn ibi méjì tí ẹ ti fẹsẹ̀ rìn láàárín wọn. Bí máàpù àti ẹsẹ̀ yín kò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ padà sí òpó àkọ́kọ́.

Ìpele 8: Kíkọ ọ́ àti dídáàbò bò ó

Ẹ kọ orí kẹta (ọ̀nà tí ẹ gbà ṣiṣẹ́) àti ìkẹrin (àbájáde) kí ẹ tó fọwọ́ kan orí kejì (ohun tí àwọn mìíràn ti kọ). Ìdáhùn tí ẹ kò rí gbà, ẹ kọ -9, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó ṣírò ìpíndọ́gba; ẹ má kọ 0, torí ẹ kò ní lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí 0 tó jẹ́ ìdáhùn, yóò sì wọ inú ìpíndọ́gba. Bí ẹ bá ń lo chi-square, ìdánwò tó ń sọ bóyá ìyàtọ̀ kì í ṣe èèṣì lásán, láti fi ọjọ́ ọjà wé ọjọ́ lásán, ẹ wo iye tí a ń retí nínú àpótí kọ̀ọ̀kan lórí àtẹ. Tí iye tí a ń retí nínú àpótí kan kò bá tó 5, ẹ pa ìpín ọ̀nà tó sún mọ́ra pọ̀, bí i kìlómítà 10 sí 15 pẹ̀lú 15 sí 20.

Kí ẹ tó lọ síwájú àwọn olùdánwò, ẹ gbé máàpù náà padà sí ọjà, kí ẹ tẹ́ ẹ síwájú ìyá ẹgbẹ́. Ẹ fi ìka tọ́ka sí ibi tí èrò ti ń wá jù, kí ẹ bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀. Ohun tó bá sọ nípa ọ̀nà tó bàjẹ́, ọkọ̀ tí kò lọ mọ́, tàbí ọjà àtijọ́ tó ti tú, ẹ kọ ọ́ sí orí kẹrin lábẹ́ máàpù náà. Ìbéèrè kan náà ni olùdánwò láti òde yóò bi yín: "Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀, tí kì í ṣe ibòmíràn?"

*Àyẹ̀wò:* Ẹ lè fi gbólóhùn mẹ́ta dáhùn rẹ̀, láìṣí ìwé.